Láti Kútọnù dé Èkó: Ìṣẹ́jú Mélòó Ni?

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìfọ̀nyìn ni ó ní ẹbí ní Èkó. Bí ìnáwó tàbí ọ̀fọ̀ bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ a máa bi wá pé: "Èé ṣe tí ẹ kò wọ bàálù? Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni!" Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀.

Pápá ọkọ̀ òfurufú Kútọnù ń jẹ́ orúkọ Kádínà Bernardin Gantin, ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kú ní ọdún 2008. Bí a bá fa okùn tààrà láti ibẹ̀ dé ti Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, nǹkan bí 106 kìlómítà ni. Bàálù tí ó ń fi wákàtí kan fò 500 kìlómítà ìbá parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 13. Ṣùgbọ́n kì í yára bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀. Ó ní láti gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ó tún rọra sọ̀kalẹ̀, kí ó sì yí ká láti kọjú sí afẹ́fẹ́ kí ó tó balẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń gbà tó ìṣẹ́jú 30 sí 40. Aago orílẹ̀-èdè méjèèjì sì dọ́gba.

Ọ̀nà yìí ni Póòpù Jòhánù Páúlù Kejì gbà ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 1982, nígbà tí ó ti Èkó wá sí Kútọnù. Ní ọjọ́ kan náà ni ó tún gbéra lọ sí Libreville.

Ṣùgbọ́n Ìfọ̀nyìn kì í ṣe Kútọnù. Bí a bá gba Àjàṣẹ́, a ó rin nǹkan bí 70 kìlómítà kí a tó dé Kútọnù. Ẹ̀yìn ni a sì ń padà sí, nítorí ìlà-oòrùn ni Èkó wà sí wa. Okùn tààrà láti Ìfọ̀nyìn dé Ìkẹjà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún kan, ìyá wa kan kú ní Èkó. Àwa gba Ìgòlò àti Ìdí-Ìrókò ní kùtùkùtù, nínú ọkọ̀ èrò. Àbúrò wa, tí ìyá náà gbé pọ̀n, ní bàálù ni òun yóò wọ̀. Ìṣẹ́jú 40 nìkan ni ó kà. Kò ka ọ̀nà Kútọnù. Kò ka wákàtí méjì tí èrò ń fi ṣáájú bàálù, tàbí yíyẹ ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú wò. Kò sì ka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Èkó. Nígbà tí ó fi dé, a ti da erùpẹ̀ bo ìyá. Ibojì ni ó kúnlẹ̀ kí.

A kò bú bàálù. Ó dára fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà nítòsí pápá rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ilé ni kí ẹ máa ka ìrìn yín. Bí ó bá sì jẹ́ ìyá ni ẹ fẹ́ lọ kí, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ ìsìnkú.