Òkè Lẹ Ń Wò, Ẹ Kò Wo Ìsàlẹ̀

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Òwe yìí kò yé mi títí di ọjọ́ tí mo sin bàbá ìyá mi láti Àyèká lọ sí Àkúrẹ́ fún àyẹ̀wò àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ Bàbá.

Ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìfẹ̀yìntì, fọ́tò àti nọ́ńbà báńkì wọn, gbogbo rẹ̀ ló pé. Ṣùgbọ́n orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àyẹ̀wò wà. Akọ̀wé ní dandan ni kí òun fojú ara òun rí Bàbá. Mo pọ̀n wọ́n gun àtẹ̀gùn. Wọ́n rọra sọ sí mi létí pé, "Ọmọ mi, èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́."

N kò bá àyẹ̀wò jà. Kò yẹ kí orúkọ òkú máa gba owó alààyè. Ṣùgbọ́n òfin wà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Ó ní níbi tí èrò bá ti tò, aláàbọ̀ ara ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó sì fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún 5 láti la ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà. Ọdún 5 ọ̀hún ti pé ní 2024.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń sin àgbà lọ fún àyẹ̀wò, ẹ mú ìwé wọn dání, kí ẹ sì mọ òfin yìí. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ akọ̀wé kí ó sọ̀kalẹ̀ wá. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò kúkú rọ.