Ìrìn Ẹsẹ̀ ní Ọ̀nà Oko Erínjẹ Nígbà Àkọ́rọ̀

Oṣù Kẹta ni àkọ́rọ̀, ìyẹn òjò tó ń kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Àsìkò yìí ló bá ìgbà ìrúwé àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba, àmọ́ ooru ni tiwọn ń retí, omi sì ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ń dúró dè. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí igbó ṣe ń sọjí, kí ó gba ọ̀nà oko jáde ní Erínjẹ, nítòsí Òkìtìpupa, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Òkè ibẹ̀ kò dà bí ti Ìdànrè tó wà ní apá àríwá. Akọ òkúta ni ti Ìdànrè, ṣùgbọ́n yanrìn àti amọ̀ tí omi ti kó jọ láti ayébáyé ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀, nítorí náà ńṣe ni ilẹ̀ pupa náà ń ga díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì tún rọra dà gẹ̀rẹ̀ lọ sí àfonífojì tí odò kékeré ń gbà kọjá. Igi ni arìnnà fi ń mọ̀ pé òun ti sọ̀kalẹ̀: bí ọ̀pẹ àti rọ́bà bá tán, tí ògùró bẹ̀rẹ̀, ìyẹn igi ẹlẹ́mu tó fẹ́ràn àbàtà, omi kò jìnnà mọ́. Òórùn kíkan ẹ̀gẹ́ tí àwọn obìnrin rẹ sómi fún púpurú, oúnjẹ tí wọ́n ń mọ roboto tí wọ́n sì ń fi èéfín gbẹ, a sì máa ṣáájú odò náà pàdé ẹni.

Ewé titun ló yẹ kí ènìyàn dúró wò jù. Ewé kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó rọ̀, ó sì so kọ́ sísàlẹ̀ bí aṣọ tó tutù. Ó pọ́n bẹ́ẹ̀ nítorí pé èròjà tí igi fi ń ti ara oòrùn ṣe oúnjẹ, tó tún ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, kò tíì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá ṣe ń gbó ni ó ń le. Àràbà ti fọ́n òwú rẹ̀ tán kí òjò tó dé, ìrókò tó wọ́wé nínú ẹ̀ẹ̀rùn ti tún rúwé, ìgbín ń yọ lábẹ́ ewé gbígbẹ, nígbà tó bá sì di alẹ́, èsúnsún á máa fò yí iná ká.

Irú ọ̀pọ̀ yanturu bẹ́ẹ̀ kò sí níbi tí wọ́n ti gbin igi ẹyọ kan ṣoṣo. Nínú igbó Olúwa tí ìjọba yà sọ́tọ̀, wọ́n gé igi àbáláyé ní ibi púpọ̀, wọ́n sì fi mẹláínà, igi tí wọ́n mú wá láti Éṣíà fún iṣẹ́ bébà, rọ́pò rẹ̀. Àdánù ńlá ni, nítorí igi tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kò lè kọ́ ọmọ ní orúkọ púpọ̀.

Àgbẹ̀ ló mọ ìrìn yìí rìn jù lọ, torí pé ó lè dárúkọ gbogbo ohun tó bá rí, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ló ń gbé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ dóko báyìí. Kí àwọn òbí tó bá wá sílé fún ọdún Àjíǹde sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, kí wọ́n mú ọmọ wọn rìn títí dé etí odò, kí wọ́n máa dárúkọ igi fún un. Kí ẹni tó ń dáko níbẹ̀ náà sì dá àwọn igi etí odò sí.