Kí Ohùn Tó Lọ Sókè

Ní Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, ìjọba ìbílẹ̀ tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ lé ní 1,200,000, ilé ìgbé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti gbọ̀ngàn ayẹyẹ fara kọ́ra láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó, tó fi jẹ́ pé ohùn tó bá jáde nínú sípíkà ẹnìkan kì í pẹ́ wọ yàrá ẹlòmíràn. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àwọn tó ń to irinṣẹ́ ohùn mọ̀, kí wọ́n tó yí ohùn sókè, pé nígbà tí bàsì kò bá dún tó, ó lè má jẹ́ agbára ló wọ́n, bí kò ṣe pé àwọn sípíkà ń bára wọn jà.

Iná tó ti inú ańpù wá máa ń gba inú wáyà tín-ín-rín tí a wé mọ́ ẹ̀yìn pépà sípíkà, láàárín mágínẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń ti pépà náà síwá sẹ́yìn. Bí gbogbo sípíkà bá jọ ń ta síta, tí wọ́n sì jọ ń wọlé, àwọn oníṣẹ́ ohùn á ní wọ́n wà ní fẹ́ìsì kan náà; ṣùgbọ́n bí a bá gbé wáyà pupa àti dúdú ọ̀kan fún ara wọn, yóò máa fa afẹ́fẹ́ tí èkejì ń tì, bí ẹni méjì tó ń ti ilẹ̀kùn kan láti inú àti láti ìta. Bàsì ló ń jìyà rẹ̀ jù, nítorí ìgbì ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó mítà 7, sípíkà méjì inú àpótí kan sì súnmọ́ra ju kí wọ́n má pa ohùn ara wọn lọ.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba owó. A ó yọ wáyà ańpù kúrò, a ó sì fi orí bátìrì tọ́ọ̀ṣì oní-fóòtì 1.5 kan ojú pupa, ìdí rẹ̀ kan ojú dúdú, fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré: pépà gbọ́dọ̀ ta síta. Tuwítà, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tó mú jáde, ni a kì í dán wò báyìí, nítorí ìrìn rẹ̀ kò hàn sí ojú, bátìrì sì lè ṣe é ní jàǹbá.

Àyẹ̀wò bátìrì yìí ṣe pàtàkì jù fún sípíkà tòkúnbọ̀ tí àwọn ará Ìgàndó ń lọ rà ní ọjà Alábà, nítorí ọ̀pọ̀ sípíkà JBL àtijọ́ ni pépà wọn ń wọlé nígbà tí ó yẹ kó ta síta. Bí a bá so irú rẹ̀ mọ́ tuntun láì yẹ̀ ẹ́ wò, àwọ̀ wáyà yóò bára mu, ohùn kò ní bára mu. Ẹni tí kò mọ èyí yóò máa yí ohùn sókè, èyí tó mú etí nìkan ni yóò sì máa pọ̀ sí i, títí aládùúgbò yóò fi fẹjọ́ sun LASEPA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo àyíká ní Èkó, tó ti ti ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn àti ilé ọtí pa nítorí ariwo. Ojúṣe ni àyẹ̀wò wáyà jẹ́ fún ẹni tó ń to ohùn sáàárín ìlú, kí ìjọ lè gbọ́ ìwàásù yékéyéké láìjẹ́ pé àdúgbò pàdánù oorun.