Ẹkún Ṣọ́ọ̀ṣì Oko Wa

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá. Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí tó wà nílé, tó wà lóko. Ẹkún ṣọ́ọ̀ṣì oko wa ni mò ń sun. Mi ò sunkún ògiri, ògiri dúró gbọin. Mi ò sunkún òrùlé, páànù tuntun ló wà lórí rẹ̀, ó ń kọ mànà nínú oòrùn. Èèyàn ni mò ń sunkún rẹ̀.

Níbo lẹ wọlẹ̀ sí, ẹ̀yin ìyá ìjọ? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń so owó ọrẹ mọ́ ìṣẹ́tí ìró, tí ẹ máa ń fi eyín tú kókó rẹ̀ nígbà tí igbá ọrẹ bá ti ń sún mọ́ ìjókòó yín. Rímù ọkọ̀ tí a so rọ̀ sára igi máńgòrò ni agogo wa. Á dún lẹ́ẹ̀kíní, ẹ ó sọ ìkòkò kalẹ̀. Á dún lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ó ti máa pàdé ara yín lójú ọ̀nà. Rímù ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wá dá mi lóhùn!

Kátíkíìsì, bàbá mi, ó dàárọ̀ o, ó dojú àlá. Àlùfáà kan ló ń yí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì oko ká, ọjọ́ tó bá kàn wá la máa ń jẹ Ara Olúwa. Lọ́jọ́ tó kù, ìwọ ni. Ìwọ lò ń ka ìsìn òwúrọ̀, ìwọ lò ń bẹ aláìsàn wò, ìwọ lò ń parí ìjà tọkọtaya. Ilé kan náà tí o ti wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi ni o ti ń kọ́ wa ní A B D lọ́jọ́ Ajé, tí pátákó dúdú fara ti ìdí pẹpẹ. (Ọlọ́run ò bínú sí ṣọ́ọ̀kì.) Owó oṣù rẹ ò tó nǹkan, a kò sì gbọ́ kí o kùn.

Ọjọ́ Ìkórè ńkọ́? Ẹ jẹ́ n sun ti Ìkórè dáadáa. Iṣu á kún ẹnu ọ̀nà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, obì, ọsàn, adìẹ tí a so lẹ́sẹ̀ pọ̀ tó ń pajú pẹ́ lábẹ́ ìjókòó. Ìsìn á parí, gbàǹjo á bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ná adìẹ ní ṣílè méjì, ẹlòmíràn á fi ṣílè kan lé e, ìyàwó á fọwọ́ gún ọkọ rẹ̀ níhà pé kó má dákẹ́. Ẹni tó rà á á tún fi ta Olúwa lọ́rẹ, wọn á tún tà á. Mo rí adìẹ kan tí a tà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó délé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rín la fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn.

Ẹ̀sìn yìí ti rí ogun rí. Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, wọ Abẹ́òkúta ní 1843. Àjàyí Crowther dé ní 1846, ó bá Àfàlà ìyá rẹ̀ pàdé lẹ́yìn ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n. Ní 1848, ìyá ṣèrìbọmi. Ìfọ́lé dé ní 1867: wọ́n fọ́ ilé ìsìn, wọ́n lé òyìnbó jáde nílùú. Ìjọ ò kú, àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ ló dì í mú.

Ta ló wá fọ́ tiwa? Kò sẹ́ni tó fọ́ ọ. Àwa la palẹ̀ mọ́, tí a wọkọ̀ Èkó, tí a wọ bàlúù Lọ́ńdọ̀nù. Òkú ló kù tó ń mú wa padà: aṣọ ẹbí, akọrin tí a háyà láti ìlú, òkúta dídán tí a fín orúkọ bàbá wa sí. Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, ìyá arúgbó mélòó kan ló ń gberin fún ara wọn. Owó páànù yẹn ì bá ti gba kátíkíìsì mìíràn. Mo wí i nípàdé, wọ́n ní páànù ni aráyé ń rí.

Ìkórè tọdún yìí ti kù sí dẹ̀dẹ̀. WhatsApp la ti rí ìwé ìpè, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì nísàlẹ̀. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, adìẹ ti wà lábẹ́ ìjókòó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni mo pè é. Ta ló fi lé e?