Ikú tí ó ní ètò

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo ṣẹ̀ ní ìgbà èwe mi. Ní Igbó Ẹfọ̀n, lápá ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀sà Èkó, ni Ìyá Àgbà ń gbé. Ní ọjọ́ kan ó ní kí n ru agbọ̀n ọ́ísítà kan wálé, àwọn ẹran omi oníkarahun tí ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi etí ọ̀sà. Mo rí àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, mo bá sọ agbọ̀n kalẹ̀ sínú oòrùn. Nígbà tí mo fi padà dé ìdí rẹ̀, àwọn kan ti lanu sílẹ̀, wọ́n ti kú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù pa ẹnu dé pinpin. Ìyá Àgbà ní kí n dá àwọn wọ̀nyí padà sómi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wà láàyè. Kò nà mí. Ó kàn wí pé: ‘Ọmọ mi, ohun tí ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀ kì í pariwo.’

Yunifásítì ni mo dé kí n tó mọ irú ìjà tí wọ́n jà. Bí sẹ́ẹ̀lì kan nínú ara bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ó ní ètò tí ó fi ń pa ara rẹ̀, kí ó má baà kó bá àwọn tí ó yí i ká. Ní 1972 ni Kerr, Wyllie àti Currie sọ irú ikú yìí ní apoptosis, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó jẹ mọ́ wíwọ́ ewé. Àwọn pròtéènì tí à ń pè ní caspase ni ọ̀bẹ tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ooru a máa ba ìrísí pròtéènì jẹ́, bí iná ti ń mú ẹyin dì, ìbàjẹ́ yìí sì lè jí ọ̀bẹ wọ̀nyí.

Ṣùgbọ́n ọ́ísítà ní ẹ̀ṣọ́ méjì. HSP70 ń gbé pròtéènì ró kí ìrísí rẹ̀ má baà yẹ̀. IAP ń di ọ̀bẹ mọ́nú àkọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tẹ àbájáde ìwádìí wọn lórí àbùdá ọ́ísítà òkun Pàsífíìkì, ìbátan ti ọ̀sà wa, jáde ní 2012, àbùdá HSP70 88 ni wọ́n kà lára rẹ̀, 17 lára ènìyàn. Ti IAP jẹ́ 48, ti ènìyàn jẹ́ 8.

Kì í ṣe pé ọ́ísítà kọ ikú o. Bí ó bá kọ̀ ọ́ pátápátá, sẹ́ẹ̀lì tí ó bàjẹ́ yóò ba ara yòókù jẹ́. Bí ó bá sì tètè gbà fún un, oòrùn ọ̀sán kan ṣoṣo ni yóò pa á tán. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó ń dá ikú dúró títí àkókò rẹ̀ yóò fi tó.

Síbẹ̀, ó máa ń rẹ ẹ̀ṣọ́. Nígbà tí mo tún dé etí ọ̀sà náà, iyanrìn tí a rọ́ sómi àti ilé ńláńlá ni mo bá níbi tí òjìji igi wọ̀nyẹn wà tẹ́lẹ̀. Ìrọ̀rùn igi ni ìrọ̀rùn ẹyẹ. Ti ọ́ísítà náà ni. Èmi rí Ìyá Àgbà tí ó ní kí n dá wọn padà sómi. Ta ni yóò sọ ọ́ fún wa lónìí?