Wákàtí Onílù

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ń lu ìlù fún wèrè jó, òun àti wèrè ọgbọọgba ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbá mú tí wọ́n fi ń wo onílù bí ẹni tí kò rí iṣẹ́ gidi ṣe. Bí onílù bá ń kọjá, wọn a ní alágbe ń lọ. Bí ọmọ kan bá ní iṣẹ́ ìlù ni òun yóò ṣe, wọn a ní ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́ lára. Èmi náà kò yàtọ̀ sí wọn, bẹ́ẹ̀ ilé Àyàn ni wọ́n bí mi sí, owó ìlù ni wọ́n sì fi rán mi ní ilé-ìwé.

Ẹ̀gbọ́n mi ni olórí ẹgbẹ́ onídùndún kan ní Òṣogbo. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Iléṣà, ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ni ó sì ń lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì ni ó máa ń wọkọ̀ lọ bá baba rẹ̀ lulù. Ìdájí ọjọ́ Ajé ni í padà. Ní ọjọ́ Ajé kan, bí mo ti ń kọ́ wọn ní àmì ohùn, mo rí i tí ó gbé orí lé tábìlì tí ó ń hanrun. Mo fi pàṣán jí i. Mo sì sọ lójú gbogbo kíláàsì pé ọmọ alágbe kò lè ju alágbe lọ. Kò fèsì. Ó kàn wò mí ni, nítorí èmi àti òun mọ̀ pé baba kan náà ni ó bí èmi àti ẹni tí mo ń bú.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ó sọ pé bí òun bá ti ṣe ìdánwò àṣekágbá tán, ìlù ni òun yóò máa lù jẹun. Ẹbí ní kí n bá a sọ̀rọ̀, nítorí pé èmi ni akọ̀wé ilé. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ní n ó kọ́kọ́ lo ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, kí n lè rí ẹ̀rí tí n ó fi bá ọmọ náà wí.

Aago márùn-ún ìdájí ni mo gbúròó ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀yìnkùlé. Àsìkò òjò ni, awọ ìlù sì ti dẹ̀. Ó ti dáná, ó ń yá àwọn ìlù lójú iná lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọsán mẹ́ta ti já lára ìyáàlù. Ó jókòó, ó ń fi tuntun rọ́pò wọn. Ó tún ìda ojú gúdúgúdú ṣe, ó sì ka ṣaworo bóyá ọ̀kan ti bọ́ sọnù. Ilẹ̀ ti mọ́ kí ó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ní aago méje, a dé ibi ìkómọ ní Òkè-Baálẹ̀. Kàkà kí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í lulù, ẹ̀yìn ilé ni ó gbà lọ bá ìyá arúgbó kan. Ó béèrè orílẹ̀ baba ọmọ, ó béèrè ti ìyá rẹ̀, ó béèrè orúkọ àwọn baba ńlá tí wọ́n ti lọ. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, “Àbúrò, bí mo bá fi oríkì Oníkòyí ki ọmọ Olójèé, kì í ṣe owó nìkan ni n ó pàdánù. Wọn kò ní pe ilé wa mọ́.”

Láti ibẹ̀, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Iléṣà, níbi òkú àgbà kan ní Òkèsà. Orí itan ni wọ́n gbé àwọn ìlù lé, kí ẹrù má baà tẹ̀ wọ́n fọ́. Ẹbí olóòkú kò tíì ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, nítorí náà a dúró nínú oòrùn fún wákàtí méjì. Onílù kò gbọdọ̀ jókòó lásìkò bẹ́ẹ̀. Bí àlejò kan bá yọjú, ìyáàlù ni yóò kọ́kọ́ kí i.

Nígbà tí a padà sí Òṣogbo, ìgbéyàwó ń dúró dè wá ní Òkè-Fìà. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohùn dùndún mọ́lẹ̀. Láyé àtijọ́, owó tí àlejò ń lẹ̀ mọ́ni níwájú orí ni oúnjẹ onílù. Ṣùgbọ́n òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka nínáwó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, láti ọdún 2024 tí ìjọba sì ti ń mú òfin náà le, ọ̀pọ̀ àlejò kàn ń juwọ́ sí onílù ni. Nígbà tí a ṣe tán, ẹni tí ó pè wá ní kí a padà wá gba owó lọ́la. A tún re òde alẹ́. Aago kan òru ti lù kí ẹ̀gbọ́n mi tó pín owó: ti ọkọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ti awọ àti ọsán tẹ̀ lé e, ìyókù ni àwọn márààrún pín.

Mo ti ń kọ wákàtí sílẹ̀ láti ìdájí. Ogún wákàtí ni iṣẹ́ ọjọ́ náà. Èyí tí wọ́n fi lulù kí ènìyàn jó kò ju méje lọ. Mẹ́tàlá yòókù, àtúnṣe ni, ìwádìí ni, ìrìnàjò ni, ìdúró ni. Méje yẹn nìkan ni ayé ń rí, òun ni wọ́n fi ń dájọ́.

Mo wá rántí àwọn tí a ń fi orúkọ wọn yangàn. I. K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Ọ̀fà ní ọdún 1930, ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀, ó ta aṣọ, kí ó tó dá ẹgbẹ́ jùjú tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1957. Ní ọdún 1963 ni Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Duro Ladipo, tí ó kú ní ọdún 1978, olùkọ́ ni bí tiwa. Nígbà tí ó mú ìlù Yorùbá wọ inú orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo, inú àwọn kan kò dùn sí i. Ní ọdún 1962 ni Mbari Mbayo bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo. Ní ọdún 1964, ó gbé Ọba Kòso lọ sí ìlú Berlin ní Jámánì. Ìlù tí a kọ̀ nílé ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún lókè òkun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó sọ ohun tí mo rí, ẹ̀gbọ́n mi ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Tíṣà, bá mi sọ fún ọmọ yẹn kí ó fi ìlù sílẹ̀.” Ẹnu yà mí. Ó fi èjìká òsì hàn mí. Apá náà kò gòkè dáadáa mọ́, níbi tí okùn ìyáàlù ti ń fà á láti ìgbà èwe. Ó ní, “Kì í ṣe pé ìlù tì mí lójú. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ mi máa rí oorun sùn.”

Mo padà sí Iléṣà pẹ̀lú ìdààmú ọkàn. Ẹ̀rí tí mo lọ wá, mo rí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí mo rò. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ọmọ náà, mo ka wákàtí inú ìwé mi fún un. N kò fi èjìká baba rẹ̀ pamọ́, n kò fi gbèsè pamọ́. Mo sì bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní kíláàsì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, “Bàbá, wákàtí tí ẹ fi ń máàkì ìwé wa lóru ńkọ́? Ta ni ó ń rí i?” N kò rí èsì fọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ní kí ó gbé kànnàngó wá sí kíláàsì. Mo kọ igba, igbá, ìgbá, ìgbà àti igbà sójú pátákó. Ó ń fi ìlù pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń kọ èyí tí ìlù wí. Àwọn tí kì í gba àmì ohùn rárá gbà á lọ́jọ́ náà, nítorí pé etí wọn ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ọmọ náà kò tíì sọ ibi tí òun yóò yà sí. Ó ń ka ìwé ìdánwò rẹ̀, kò sì fi ìlù sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, bí ọmọ onílù bá ń tòògbé ní kíláàsì yín, ẹ kọ́kọ́ bi í ní aago tí ó dé ilé kí ẹ tó mú pàṣán. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń múra ìdánwò, bí àmì ohùn bá dà yín láàmú, ẹ wá onílù lọ. Ó ti mọ̀ ọ́n kí ìwé tó dé.