Ta Ló Wà Nílé Lóṣù Kìn-ín-ní?



"Ta ló kú ládùúgbò yìí?" Ohun tí Màmá wa bi mí nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Wọ́n dúró lójú fèrèsé ilé wa ní Chicago, wọ́n ró ìró méjì lé súwẹ́tà. Yìnyín ti bọ́ mọ́jú. Kò sí ojú ẹsẹ̀ ènìyàn kan lójú títì, kò sí ọmọ tó ń sáré, kò sí ẹni tó ń polówó ọjà, ajá pàápàá ò gbó. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, òtútù ló sé gbogbo wọn mọ́lé. Màmá wa mi orí. Lójú tiwọn, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹnikẹ́ni ò jáde kí ẹnìkejì rẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀.

Obajana tí wọ́n ti wá kì í dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níbẹ̀ ẹ rántí pé abúlé àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Kabba. Òkúta ẹfun inú ilẹ̀ wa ló pe ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wá, láti nǹkan bí ọdún 2008 ni tírélà ò sì ti dá lójú ọ̀nà náà mọ́, tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ariwo tírélà ni Màmá ń wá lójú fèrèsé.

Lóṣù kìn-ín-ní kan náà yìí, ọyẹ́ ló ń jọba nílé. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni atẹ́gùn yẹn ti ń fẹ́ wá. Púpọ̀ nínú eruku tó ń gbé bọ̀ ń dìde láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Á bo òrùlé, á bo ewé máńgòrò, á bo aṣọ tí a sá, àwọn òkè tó yí wa ká á sì sọnù títí oòrùn yóò fi gòkè. Ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là, igbá òrí á máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Igi kaṣú á máa tanná. Lóru, gbogbo ilé á fa kúbùsù bo orí.

Kílẹ̀ tó mọ́, ẹnìkan á ti kó igi jọ sẹ́yìn ilé, á dáná. Àwọn àgbà á gbé àpótí wá, àwọn ọmọdé á nawọ́ síná, iṣu á wọ inú eérú gbígbóná, àwo epo á wà nítòsí. Ibẹ̀ la ti ń sọ àlá, ibẹ̀ la ti ń parí ìjà àná. Ẹni tí a kò bá rí níbi iná yẹn, kí oòrùn tó mú a ti rán ọmọ lọ wò ó. Báyìí la ṣe mọ̀ lọ́dún kan pé ìyá àgbà ilé kejì ò lè dìde lórí ẹní. Kò sẹ́ni tó pè é ní ètò, bẹ́ẹ̀ ètò ni. Ọyẹ́ a máa lé ènìyàn jáde sọ́dọ̀ ara wọn. Yìnyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ńṣe ló ń lé kálukú wọlé, tí ilẹ̀kùn á sì tì.

Yìnyín tí a mọ̀ nílé, òjò ló ń gbé e wá. Á máa ró lórí páànù, àwọn ọmọdé á sáré ṣà á, á sì ti yọ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ sẹ́nu tán. Èyí tó ń bọ́ níhìn-ín kì í ró, kì í sì í kánjú lọ. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pè é ní òjò dídì, mo sì rò pé orúkọ náà bá a mu. Samuel Àjàyí Crowther ló ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ yẹn. Òun náà ló dá ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja tiwa láwọn ọdún 1860, ó sì ti gbé Lọ́ńdọ̀nù ní 1842 sí 1843 nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di àlùfáà. Ó mọ ohun tí òtútù jẹ́. Màmá wa fẹ́ràn Ìwé Òwe orí 31, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ obìnrin tí òjò dídì kò bà lẹ́rù nítorí ará ilé rẹ̀. Wọ́n ní ó ti lé lógójì ọdún tí àwọn ti ń ka ẹsẹ yẹn, àfi ìgbà tí àwọn dé Chicago ni àwọn tó mọ ohun tó yẹ kó bà á lẹ́rù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín mọ iṣẹ́ oṣù kìn-ín-ní. Kí a jí ní aago márùn-ún, kí a gbé ṣọ́bìrì, kí a wa yìnyín kúrò lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, nítorí òfin ìlú ni pé èyí tó bá bọ́ lóru gbọ́dọ̀ kúrò kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Kí a da iyọ̀ sórí àtẹ̀gùn. Kí a yọ ọkọ̀ kúrò lójú àwọn títì ńlá láàárín aago mẹ́ta sí méje òru, yálà yìnyín bọ́ o tàbí kò bọ́, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin. Ẹni tó bá wa àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ rẹ̀ á gbé àga síbẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa gbà á. Màmá rí àga onígi kan nínú yìnyín, ojú ro wọ́n, wọ́n ní kí n lọ gbé e wọlé fún olówó rẹ̀ kó má bàa jẹrà. Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹni tó lè fi àga sílẹ̀ tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa jí i, kí ló dé tí kò lè kí mi?"

N kò ní èsì fún ìbéèrè yẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní, ni òtútù náà wá dójú ẹ̀. Dígírì 31 sísàlẹ̀ òdo ni ní ìwọ̀n Celsius. Nílé, dígírì 15 ti tó láti mú kí àgbàlagbà wọ fìlà sùn. Wọ́n ti ilé ìwé, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní àwọn ò ní pín lẹ́tà ní ọ̀pọ̀ agbègbè Illinois lọ́jọ́ yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Metra sì ń fi iná gáàsì mú ojú irin gbóná kó má bàa dì. Màmá rí iná náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n pè mí kí n wá wò ó: ilé ayé tí irin ti ń yáná!

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe, ẹ sì mọ̀ pé ibi iṣẹ́ wa kì í tì. Mo jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀, mo fi Màmá àti ọmọ oṣù mẹ́rin sílẹ̀. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Nǹkan bí aago mọ́kànlá, irin tó ń mú ilé gbóná lábẹ́ fèrèsé tutù. Màmá pè mí, mo sì pe onílé wa láti ibi iṣẹ́, kò gbé fóònù. Mo ní kí Màmá wé ọmọ dáadáa, pé mò ń wá nǹkan ṣe. Ẹni tó ti ń fi iná lé òtútù lọ láti kékeré, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Wọ́n tan ojú sítóòfù gáàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ààrò ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé àga sí iwájú rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ lé itan. Nílé, ìta gbangba ni iná yẹn máa ń wà. Níhìn-ín, fèrèsé gbogbo ló ti pa, èéfín olóró tí kò hàn sójú tí kò sì ní òórùn ti ń kún inú ilé. N kò sọ ewu rẹ̀ fún wọn rí. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mi ò lè gbàgbé rẹ̀.

Agogo kékeré tó ń kìlọ̀ èéfín lára ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Màmá rò pé aago ni. Obìnrin ará Mẹ́síkò tó ń gbé òdìkejì wa gbọ́ ọ. A ti jọ ń gbé ilé yẹn fún ọdún méjì, a ò ju kí a mi orí síra wa lọ. Ó fi ìkúùkù lu ilẹ̀kùn títí Màmá fi ṣí i. Kò gbọ́ Yorùbá, Màmá ò gbọ́ Sípáníìṣì, Gẹ̀ẹ́sì ọwọ́ àwọn méjèèjì ò sì tó nǹkan. Ó pa gáàsì, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu nínú òtútù yẹn, ó gba ọmọ, ó fa Màmá lọ́wọ́ lọ sí yàrá tirẹ̀, níbi tó ti ní ẹ̀rọ oníná kékeré kan tó ń mú ilé gbóná. Nígbà tí mo dé lálẹ́, mo bá wọn nídìí ẹ̀rọ náà, wọ́n jókòó ti ara wọn. Ó ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo ṣe oúnjẹ pẹlẹbẹ kan, Màmá ń bá a tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ bí ẹni pé àná kọ́ ni wọ́n ti mọra. Màmá wò mí, wọ́n ní: "Ẹnìkan ti kí mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sítóòfù tàbí èédú mú ilé gbóná. Ẹ rí i pé agogo èéfín yẹn wà lára ògiri, kí bátìrì rẹ̀ sì dára, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn òbí yín gbọ́ bó ṣe ń ké kí ẹ tó fi wọ́n sílẹ̀ nílé. Ní Chicago, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà, dandan ni fún onílé tó ń pèsè ooru láti mú ilé gbóná dé dígírì 68 ní ìwọ̀n Fahrenheit lọ́sàn-án, àti 66 lóru. Bí kò bá ṣe é, ẹ pe 311. Èmi pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọjọ́ kejì ni onílé wá tún irin náà ṣe.

Ohun tó ń dùn mí jù wà nínú ẹgbẹ́ tiwa fúnra wa, ẹgbẹ́ àwa ọmọ ilé tó wà níhìn-ín. A mọ ẹni tó bímọ, a mọ ẹni tó ń ṣòkú, a ń dáwó, a ń wọ aṣọ ẹbí. Àwọn ìyá àti bàbá wa tó wá bá wa tọ́ ọmọ, tí wọ́n ń jókòó nílé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, a ò mọ iye wọn, a ò mọ ilé tí wọ́n wà. Lọ́dún 2019, ìlú yìí kún fún ọmọ ilẹ̀ wa, síbẹ̀ àjèjì ló kan ilẹ̀kùn ìyá mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àjèjì náà títí láé. Ó yẹ kí obìnrin náà ti bá ọ̀kan nínú wa níbẹ̀.

Màmá wa ti padà sí Obajana láti oṣù kẹrin ọdún yẹn. Bí ọyẹ́ bá ti dé, wọ́n á pè lórí fóònù láti ẹ̀gbẹ́ iná, màá máa gbọ́ ohùn àwọn tó yí wọn ká. Obìnrin ará Mẹ́síkò yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè, kí wọ́n tó béèrè ọmọ.

Mo bẹ̀ yín, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ fi orúkọ ìyá tàbí bàbá tó wà lọ́dọ̀ yín ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti wákàtí tí wọ́n máa ń dá wà nílé. A ó pín ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀ láàárín ara wa. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan á pè wọ́n láàárọ̀, bí wọn ò bá gbé e, á wọ bàtà yìnyín rẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn. Èmi ti mú Ọjọ́rú.